Róbọ́ọ̀tì dé ilé ìkẹ́rùsí, owó wa wá ńkọ́?

Ọmọ Ajílété, Leeds: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Níbi tí mo ti ń ṣa ẹrù lóru, wọ́n ti kó róbọ́ọ̀tì wọlé. Tẹ́lẹ̀, àwa là ń rìn tọ ẹrù lọ; ní báyìí, ẹrù ló ń tọ̀ wá wá. Iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan ò yí padà, ṣùgbọ́n òru márùn-ún lọ́sẹ̀ ti di mẹ́ta. Ṣé kí n wáṣẹ́ mìíràn ni?

Àǹtí Manchester: Má tíì sá, àbúrò. Ṣé ẹ́jẹ́ńsì, àwọn tó ń báni wáṣẹ́, ló mú ẹ débẹ̀? Bí o bá ti lo ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà níbì kan náà, òfin ní kí owó ẹ bá ti àwọn tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà dọ́gba. Ẹ́jẹ́ńsì ò ní rán ẹ létí o! Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ dúró dè é, wákàtí iṣẹ́ ni. Pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn ní Britain; ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Bọ̀dá Houston: Ẹ̀yin tiẹ̀ ní òfin. Owó iṣẹ́ tó kéré jù fún wákàtí kan, $7.25 ni ìjọba àpapọ̀ níbí ò tíì kúrò lórí ẹ̀ láti 2009, Texas ò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Acemoglu àti Restrepo, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, yẹ Amẹ́ríkà wò láti 1990 sí 2007: bí róbọ́ọ̀tì kan bá lé sí i fún òṣìṣẹ́ 1,000, owó iṣẹ́ ń fi 0.42 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Róbọ́ọ̀tì iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n wò ṣá, bóyá ti ilé ìkẹ́rùsí yàtọ̀.

Ìyá Onígàrí, Ògbómọ̀ṣọ́: Mò ń kà yín láti ilé. Ẹ̀rọ ló ń bá wa rin ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ la ṣì fi ń bẹ ẹ́. Látìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé pọ̀ sí i, àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ sì níṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ta ni ò lè bẹ ẹ̀gẹ́? Bí ẹnì kan bá ní owó ti kéré, ẹlòmíràn á gbọ̀bẹ. Ọmọ LAUTECH tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ńkọ́? Iye tó bá pè la máa san, a ò ní ẹlòmíràn. Ta ló ń tún róbọ́ọ̀tì yín ṣe?

Ọmọ Ajílété, Leeds: Àwọn kan ni, mà. Wọn ò pọ̀ rárá.

Àǹtí Manchester: Ọ̀rọ̀ Ìyá gan-an nìyẹn. Kọ ímeèlì sí ọ̀gá ẹ pé o fẹ́ kọ́ àtúnṣe, má kàn fẹnu sọ ọ́. Èmi kọ́ bí a ṣe ń wa forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè; owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àwọn tó ń ṣa ẹrù lọ, ṣùgbọ́n forklift tó ń wa ara ẹ̀ ti wà lóde.

Ọmọ Ajílété, Leeds: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ 12 yẹn, mo ti kọjá ẹ̀ tipẹ́. Mò ń wá gbogbo payslip mi báyìí.