Ẹ bá mi wo àpilẹ̀kọ mi lórí ilé páì inú aṣálẹ̀ Namib

Arìnrìnàjò:
Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan nípa Solitaire, ibùdó kékeré kan létí aṣálẹ̀ Namib ní Nàmíbíà, níbi tí ọ̀nà C14 àti C19 ti pàdé. Ilé epo wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ilé àlejò náà wà, pẹ̀lú ilé búrẹ́dì tí àwọn tó ń lọ wo òkìtì iyanrìn Sossusvlei máa ń yà sí torí páì ápù, ìyẹn ìpápánu ìyẹ̀fun yíyan tí wọ́n ń fi èso ápù sínú rẹ̀. Percy Cross McGregor, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Moose, ló sọ páì náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ti kú láti 2014, wọ́n ṣì ń yan án.

Olóòtú tí mo kọ ọ́ fún ní kí n má kọjá ọ̀rọ̀ 900, ó sì ní òun kà á tán, ibẹ̀ ò hàn sí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn, torí mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Láàrin ibi tí kò sí nǹkan kan, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan, párádísè kékeré kan fara pamọ́. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Lójijì, òórùn páì aládùn gba gbogbo ilẹ̀ kan, mo sì mọ̀ pé mo ti délé."

Ṣé ojú ọ̀nà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí inú ilé búrẹ́dì? Ṣé kí n kọ iye owó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀ròyìn:
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Mo ka ìpínrọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá yọ páì kúrò níbẹ̀, aṣálẹ̀ èyíkéyìí láyé ló lè jẹ́. Òótọ́ ni olóòtú rẹ sọ.

"Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan" yẹn, yọ ọ́ kíákíá, torí kì í ṣe òótọ́. Àwọn Topnaar, tí wọ́n jẹ́ ara ẹ̀yà Nama, ti pẹ́ lẹ́bàá odò Kuiseb, wọ́n sì ń ká èso !nara láàrin iyanrìn títí dòní. Oryx, ẹranko oníwo gígùn tó jọ ẹtu ńlá, ń jẹ̀ káàkiri. Kòkòrò kan wà ní Namib tó máa ń dórí kodò lórí òkìtì iyanrìn láàárọ̀ kí omi kùrukùru lè ṣàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ẹnu. Ilẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, o ò gbọdọ̀ pè é ní ibi tí kò sí nǹkan kan. Àwọn tó kọ́kọ́ wá gba ilẹ̀ Áfíríkà náà sọ pé òfìfo ni, kí wọ́n tó kó o.

Èyí tún mú mi rántí ohun kan. Èérún ìyẹ̀fun tó wà lórí páì náà jọ bí àwọn ará Jámánì ṣe ń ṣe é, Jámánì ló sì ṣàkóso Nàmíbíà láti 1884 títí di 1915. Bí o bá máa dárúkọ wọn, má fi mọ sórí ohun dídùn. Láàrin 1904 sí 1908, wọ́n pa àwọn ẹ̀yà Herero àti Nama nípakúpa, ìjọba Jámánì fúnra rẹ̀ sì gbà ní 2021 pé ìpẹ̀yàrun ni.

Olùfẹ́ Ìwé:
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣé inú àpilẹ̀kọ páì nìyẹn yẹ kó wà? Ọ̀rọ̀ 900 péré ló ní. Bí wọ́n bá sáré mẹ́nu kàn án kí wọ́n tó padà sórí ápù, ó lè dà bíi pé wọn ò kà á sí.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀ròyìn:
O sọ̀rọ̀. Nígbà náà, kó yan ọ̀kan: kó kọ ọ́ dáadáa ní gbólóhùn méjì, tàbí kó má dárúkọ Jámánì rárá. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kó yìn wọ́n fún páì kó sì dákẹ́ lórí ìyókù.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:
Mo ti gba ọ̀nà yẹn. Láti Walvis Bay, ìlú etí òkun, dé Solitaire ju kìlómítà 200 lọ, láti ibẹ̀ dé Sesriem, níbi ẹnubodè Sossusvlei, tún tó nǹkan bíi 80. Kò sí ọ̀dà lójú títì C14 àti C19 nítòsí Solitaire, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó sì máa ń gé táyà. Ẹ fetí sí mi dáadáa: páì kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Epo ni, táyà sì ni. Wọ́n ń lẹ táyà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tó ń dúró de táyà, tí eruku ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ebi á pa á, òun ló máa ra páì. Ìdí tí ilé oúnjẹ fi wà níbẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rí i nínú gbogbo ohun tí o kọ. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, òun ni mo máa fi ṣe òpó àpilẹ̀kọ náà.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, èmi ń yan nǹkan tà, torí náà ẹnu ni mo fi ń kàwé. O pè é ní "aládùn", mi ò sì tíì tọ́ ọ wò. Ṣé gbígbóná ni wọ́n ń gbé e fúnni? Ápù inú rẹ̀ ńkọ́, ó ṣì le, àbí ó ti rọ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń gé e? Ápù kì í sì í hù nínú aṣálẹ̀. Ta ló ń gbé e wá, ta ló ń gbé bọ́tà gba ojú oòrùn yẹn? Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án. Mi ò rí ẹnì kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí o kọ, àfi ẹni tó ti kú.

Arìnrìnàjò:
Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun. Inú àwo irin ńlá ni wọ́n ti ń yan án, wọ́n á sì gé e ní igun mẹ́rin, kì í ṣe róbótó. Ó ga, ó sì wúwo lọ́wọ́. Èérún orí rẹ̀ le díẹ̀, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí fọ́ọ̀kì bá ti kàn án, ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ sì máa ń sáré wá ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀. Màá wá nọ́ńbà ilé búrẹ́dì náà, màá pè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ápù àti bọ́tà.

Pátákó kan tún wà níta tí wọ́n kọ iye òjò ọdún kọ̀ọ̀kan sí, ní mìlímítà. Ọdún míì wà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré débi pé èèyàn á tún un kà. Mo ti fi sí ìparí, lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ti dípẹtà.

Olùfẹ́ Ìwé:
Ìparí kẹ̀? Àwọn ọkọ̀ tó dípẹtà yẹn, gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló ń ya fọ́tò wọn, ẹ lè fò ó. Pátákó òjò ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á ti mọ irú ilẹ̀ tó wà kó tó gbọ́ pé wọ́n ń yan páì níbẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn:
Mo fara mọ́ ọn. Lórí owó, má kọ iye sínú àpilẹ̀kọ, ó máa ń yí padà. Kọ pé dọ́là Nàmíbíà àti rand Gúúsù Áfíríkà jọ dọ́gba, wọ́n sì ń ná méjèèjì nílẹ̀ yẹn. Ìyẹn á wúlò fún ẹni tó fẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì:
Kó o sì yọ "mo ti délé" yẹn. Àlejò ni ẹ́ níbẹ̀, kò sì burú. Bí o bá ti bá àwọn tó ń yan án sọ̀rọ̀ tán, gbé e padà wá ká tún jọ wò ó kí o tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.