Kí ni kí n kọ sí àyè máàkì ìparí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin, tó jẹ́ àṣekágbá, ni mo wà. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù másítáàsì pa, èsì sáà kìíní mi ò sì ní jáde títí di oṣù Kejì. Fọ́ọ̀mù ń bèèrè CGPA ìparí (ìpíndọ́gba máàkì gbogbo ọdún tí mo lò), kò gbà kí n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. 4.32 nínú 5 ni mo ní títí di ọdún kẹta. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ 4.5, pé màá kúkú débẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á.

Èsì 1: Má dán an wò! Kọ 4.32, kí o wá fi gbólóhùn kan sí i pé títí di ìparí ọdún kẹta ni. Má fúnra rẹ yí i padà sí òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé 4 ni òkè rẹ̀ o, àfi tí wọ́n bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀.

Èsì 2: Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn. Wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní dandan ni kí n fi ìwé èsì ìkẹyìn ránṣẹ́ kí n tó wọlé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo ti bù mọ́ ọn ni, ẹ̀rù ì bá pa mí.

Èsì 3: To àwọn kọ́ọ̀sì tí o ń ṣe lọ́wọ́ náà sílẹ̀, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé èsì wọn ò tíì jáde. Tí àyè kan bá wà fún máàkì tí o ń retí, ibẹ̀ ni 4.5 rẹ lè gbé.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè náà nísàlẹ̀ pátápátá. Ojú mi fò ó ni.