Ilé olódi lórí ilẹ̀ tẹ́jú: kí ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa Ẹ̀gbá mọ ohun tí àpáta lè ṣe fún ìlú. Ṣùgbọ́n Bodiam, ilé olódi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nítòsí odò Rother, kò ní Olúmọ kankan. Kí ni wọ́n gbójú lé? Ṣé ogun tiẹ̀ jà á rí?

Ará Àró:
Yàrà olómi ni. Ní 1385 ni Ọba Richard Kejì fún jagunjagun kan, Edward Dalyngrigge, láṣẹ láti mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, nítorí ìbẹ̀rù àwọn Faransé. Ó pa ilé àtijọ́ tì, ó kọ́ tuntun sáàárín omi, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ róbótó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ má rò pé torí kí ọ̀tá lè rì nìkan ni omi yẹn ṣe wà níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀tá á gbẹ́ ihò sábẹ́ ìpìlẹ̀, á fi igi gbé e ró, á wá dáná sun igi náà kí ògiri lè wó. Tí yàrà bá kún fómi, omi á ya wọ ihò yẹn. Àkàbà tí ọ̀tá fẹ́ fi gun ògiri pẹ̀lú ò ní ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà àbáwọlé. Àríwá ni ẹnubodè wà, ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn ni afárá àkọ́kọ́ ti wá, kó tó ṣẹ́rí sí gúúsù. Ẹni tó bá ń gorí ẹ̀ bọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí ilé náà, bẹ́ẹ̀ apá òsì ló fi di asà mú.

Ọmọ Ìtòkò:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbé e gẹ̀gẹ̀ jù. Yàrà náà kò jìn, ìdídò erùpẹ̀ ló sì dá omi rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì já ìdídò náà, omi á ṣàn lọ. Àwọn fèrèsé kan tóbi ju ti ibi ìjà lọ. Lójú tèmi, ilé ọlọ́lá ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ogun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bíi 28 ló sì ń tú sínú omi kan náà. Ẹ rò ó wò lásìkò ooru! Ní ti ogun, ní 1483 Richard Kẹta pàṣẹ kí wọ́n dó tì í, torí ẹni tó ni ín lẹ́yìn sí ọ̀tá ọba. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tú inú rẹ̀ palẹ̀. Nígbà tó yá, ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan, Curzon, rà á, ó fa omi yàrà gbẹ ní 1919, ó tún ògiri ṣe, ó sì fi í sílẹ̀ fún National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ní 1925.

Ará Kútọ̀:
Odi tiwa ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nínú yàrà ni wọ́n fi mọ ọ́n, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Bí ẹ ò bá tún un rẹ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ 1851, nígbà tí Dahomey gbógun tì wá, fi le: àwọn ará ìlú Ìṣàgà tan ọ̀tá jẹ, wọ́n darí ọmọ ogun Dahomey sí ẹnubodè Àró, ibi tí wọ́n ti tún odi ṣe, dípò apá ibi tó ti bàjẹ́. Òkúta Bodiam kò bẹ̀rù òjò. Ẹrọ̀fọ̀ tó ń di yàrà ni wàhálà tiwọn.