Ṣé kí n jáde nínú gúrúùpù ẹbí ni?

Àkọ́bí Obìnrin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí fóònù mi bá ti dún báyìí, àyà mi á já pàì. Gúrúùpù WhatsApp ló fà á: ti ẹbí bàbá, ti ẹbí ìyá, ti ilé ọkọ, ti ìjọ, ti àwọn tá a jọ jáde ilé ìwé. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí wọ́n á ti gbé e síbẹ̀ pé wọ́n jí ẹnìkan gbé lọ́nà márosẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ọmọ ẹnìkan ń wá owó iṣẹ́ abẹ, nọ́ńbà àkáǹtì á tẹ̀ lé e. Lálẹ́, fọ́tò olóògbé pẹ̀lú àbẹ́là. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn mi, ṣùgbọ́n oorun ti dá lójú mi. Ọkọ mi ní kí n jáde. Èmi sì ni àkọ́bí. Bí mo bá jáde, wọ́n á ní mo ti kọ ẹbí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Má jáde o, àbúrò mi. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tí o ò yọjú, ta ni yóò gbà pé o ò gbọ́? Tẹ orúkọ gúrúùpù náà, yan "Mute", kí o mú "Always". Lẹ́yìn náà, gbé e sí "Archive", kò ní máa yọ sí ọ lójú mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni kí o máa ṣí i, má ṣí i lórí ibùsùn láéláé. Sọ fún wọn pé ohun tó bá jẹ́ kánjúkánjú, kí wọ́n pè ọ́.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ BP yín wò, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, àwọn èròjà ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá á gòkè. Ó wúlò bí ejò bá yọ síni. Àmọ́ tó bá ń ṣẹlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ara ò ní rójú sinmi.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fóònù lẹ̀ ń tẹ̀ jù. Ní oṣù kìíní 2015, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ìkànnì ayélujára àti ìdààmú ọkàn. Àgbàlagbà 1,801 ni wọ́n bi léèrè. Wọn ò rí i pé àwọn tó ń lo ìkànnì ayélujára púpọ̀ ní ìdààmú ọkàn ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ àwọn obìnrin tó ń ti ibẹ̀ gbọ́ pé ọmọ tàbí ọkọ ẹni tó sún mọ́ wọn kú, tàbí pé wọ́n gbé ẹnìkan dé ilé ìwòsàn, ìdààmú tiwọn pọ̀. Ẹrù àwọn ẹlòmíì lẹ̀ ń rù, ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Adé: Èmi ò fara mọ́ ti Ìyá Ìbejì tán. Ti ẹbí, ẹ dúró. Ti ilé ìwé, ẹ jáde lónìí. Láti 2022, bí èèyàn bá jáde, admin nìkan ni WhatsApp ń fi tó létí.

Àkọ́bí Obìnrin: Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi. Lọ́la ni màá lọ yẹ BP. Ti owó ìrànwọ́ ló kù. Bí mi ò bá dá, ojú á tì mí.

Ìyá Ìbejì: Ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Tó bá tán, pe ẹni náà, bá a sọ̀rọ̀, bá a gbàdúrà. Ìyàwó àbúrò mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀, àwọn tó pè é ló ń dárúkọ títí dòní.