Ta ló ti fi wúùlù hun bàtà ilé rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá mi ti gúnlẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wà títí òtútù yìí á fi lọ. Laminate ni ilẹ̀ ilé wa, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ kí hítà tó gbóná. Sílípáàsì tí mo rà fún wọn, wọ́n ní ó ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn làágùn. Ṣé ẹni tó mọ fìlà ọmọ tuntun hun lè hun bàtà ilé àgbàlagbà?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àbúrò, o kú àlejò màmá. Fìlà ọmọ gan-an le jù ú lọ. Òwú ni kí o kọ́kọ́ wá. Sílípáàsì yẹn, àfàìmọ̀ kí inú rẹ̀ má jẹ́ polyester. Wúùlù gidi máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó lè gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Acrylic, òwú oníke, ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù máa ń ní òwú lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ bébà tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sábà máa ń ti já. Gé díẹ̀, fi ẹ̀mú dì í mú lórí síǹkì, ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ wúùlù, òórùn irun tó jó lo máa gbọ́, iná á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á sì rún. Tó bá yọ́, tó wá di kóró líle, oníke ni.

Bí mo ṣe ń hun tèmi nìyí: òwú DK (èyí tí kò tín-ín-rín jù, tí kò sì nípọn jù) méjì papọ̀, abẹ́rẹ́ 6 mm. Kó ojú 30 sórí abẹ́rẹ́, kí o fi òwú gígùn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, òun lo máa fi rán gìgísẹ̀. Knit (òwú wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́) ni lọ, knit ni bọ̀, títí á fi ku bíi 9 cm kó tó gígùn ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, ojú kan knit, ojú kan purl (òwú wà níwájú abẹ́rẹ́), kó lè di ẹsẹ̀ mú. Tó bá ku 2 cm, hun ojú méjì-méjì pọ̀ dé òpin, á ku 15. Já òwú, tì í bọ inú ojú 15 náà, fà á ṣinṣin. Rán òkè ibi tí purl wà pọ̀, ká ìbẹ̀rẹ̀ sí méjì, rán gìgísẹ̀. Ó parí. 150 g òwú á tó ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ará Houston: Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà abẹ́rẹ́ o. 6 mm yẹn, 10 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Lára abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti ìlú ọba, 4 lẹ máa bá. Tiwọn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín. Tiwa ló ń sanra sí i. Ẹni tó bá ń ra àlòkù, kó wo mm nìkan. (Ẹ má bi mí pé kí ni ará Houston ń fi bàtà wúùlù ṣe. Ẹ wá wo AC ọ́fíìsì wa.)

Bọ̀dá Winnipeg: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ti Manchester nìyẹn. Tí ìta bá ti wọ −30 níbí, atẹ́gùn ń gba ojú òwú wọlé. Abẹ́rẹ́ 8 mm ni mo ń lò, kó rí gbẹ̀rẹ̀, kó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ dáadáa, kí n tó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ní 60°C pẹ̀lú jíǹsì ògbólógbòó. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti gbígbo náà á mú kí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ara irun yẹn kọ́ra wọn, á sún kì, á nípọn. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ègé kékeré dánwò: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ superwash sára bébà, ẹ má rà á. Wọ́n ti ṣe é kó má lè sún kì.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ fi kún un, ọ̀rọ̀ yíyọ̀ ló ká mi lára jù. Wúùlù lórí laminate, àgbàlagbà lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Àwọn kan ń fi sílíkónì tò ó sábẹ́, ó máa ń bó. Latex olómi tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù òwú dára díẹ̀, bí ara wọn ò bá kọ latex. Awọ ló wù mí jù: gé awọ jákẹ́ẹ̀tì tàbí báàgì tó ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí háráhárá ni kó kọjú sílẹ̀. Lu ihò yí etí rẹ̀ ká, kí o tó rán an mọ́ ọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an mà. Ẹsẹ̀ màmá máa ń wú díẹ̀ lálẹ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Alẹ́ ni kí o wọn ẹsẹ̀ nígbà náà. Kó ojú 34 dípò 30, kí o sì jẹ́ kí ibi purl kúrú. Ṣùgbọ́n kí GP, dókítà àdúgbò yín, rí ẹsẹ̀ yẹn o, bí wọn ò bá tíì rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní kí n ra abẹ́rẹ́ méjì kún un, kí n hun ọ̀tún, kí àwọn hun òsì, kó lè yá.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Má dán an wò! Bí ọwọ́ ẹnì kan ṣe ń fún òwú yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, ọ̀kan á tóbi ju ìkejì lọ. Kí wọ́n hun méjèèjì tiwọn, kí ìwọ náà hun tìrẹ.