Rédíétọ̀: «amẹ́ńjìnìtutù» ò tẹ́ mi lọ́rùn o

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi tọ́rọ̀ dé nìyí: bùrọ̀dá wa ní Mọ́pà tó ń tún Jaguar E-Type àtijọ́ kan ṣe ló ní ká bá òun wá orúkọ Yorùbá fún rédíétọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ooru ẹ́ńjìnì kúrò níwájú mọ́tò, òun fẹ́ kọ ìwé pélébé fún àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì. Àǹtí wa ní Kábà ní ká pè é ní amẹ́ńjìnìtutù, bá a ṣe ń pe AC ní amúlétutù. Ẹlòmíì ní amómitutù. Tíṣà wa tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní atanṣánooru, torí ohun tó ń tan ooru jáde bí ìtànṣán ni orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́ túmọ̀ sí.

Tíṣà, ẹ má bínú sà, òyìnbó gan-an ò sọ ọ́ re. Ooru tó ń kúrò lára rédíétọ̀ mọ́tò, atẹ́gùn tó ń gba àárín ẹ̀ kọjá ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ, èyí tó ń tàn jáde bí ìtànṣán ò tó nǹkan. Kí la wá fẹ́ fi àṣìṣe wọn ṣe?

Amómitutù náà ò lọ jìnnà. Tó bá jẹ́ Corolla nìkan ló wà láyé mi ò ní jiyàn, àmọ́ mọ́tò ìjàpá, Volkswagen àtijọ́ táwọn bàbá wa ń gùn ńkọ́, ta ló bu omi sí i rí? Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn lu ẹ́ńjìnì ẹ̀, ọ́ìlì sì ní rédíétọ̀ kékeré tiẹ̀ lọ́tọ̀. Porsche 911 náà nìyẹn, látìgbà tó ti jáde láàárín ọdún 1960 sí 1965 títí wọ́n fi pa irú ẹ́ńjìnì yẹn tì ní 1998. Ọ́ìlì ló ń gba inú rédíétọ̀ ẹ̀ kọjá, kò sí omi níbẹ̀ rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni amẹ́ńjìnìtutù torí ó dùn létí, ó sì máa tètè ràn. Ilé, a fẹ́ kó tutù lóòótọ́. Ẹ́ńjìnì, ta ló fẹ́ kó tutù? Ẹ́ńjìnì tó bá tutù á máa mu epo bí ọ̀mùtí, ọ́ìlì ẹ̀ á ki, irin inú ẹ̀ á máa jẹ ara wọn. Ìdí tí wọ́n ṣe fi tẹmositáàtì síbẹ̀ nìyẹn, kì í jẹ́ kómi lọ sínú rédíétọ̀ àfi tó bá ti gbóná dé nǹkan bí 82 tàbí 88 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Àwọn mẹkáníìkì wa á sì yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní «ibi tóòrùn ti ń mú la wà, kò wúlò fún wa». Irú èrò tí amẹ́ńjìnìtutù máa gbìn sọ́kàn àwọn ọmọṣẹ́ nìyẹn o, pé bó bá ṣe tutù tó ló ṣe dáa tó.

Agbóorulọ ni tèmi. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo wò, ó ń gba ooru lọ́wọ́ omi tàbí ọ́ìlì, ó sì ń gbé e fún atẹ́gùn. Ẹnì kan ti kọ sí mi pé fáànù náà ń gbé ooru lọ, rárá, fáànù ń fa atẹ́gùn wá ni, tí rédíétọ̀ bá ti dí, fáànù á kàn máa pariwo lásán.

Mo jókòó ti bàbá kan tó ń jó rédíétọ̀ nítòsí gáréèjì Kábà nígbà tó ń ṣe ti 504 kan. Ó dí ẹnu ẹ̀ méjèèjì pa, ó rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ó fọn atẹ́gùn sí i, ibi tó bá ti ń hó kùlù kùlù jáde ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí kó tó fi òjé jó o pa. Ó wá fi iná yọ ìdérí òkè, nǹkan funfun bí ẹfun ti dí ojú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, omi kànga tí wọ́n ń bu sí i ló fà á. Bàbá ní «kò mí mọ́». Kò sọ pé kò tutù mọ́.

Bùrọ̀dá, ẹ tún ní wọ́n fẹ́ ta rédíétọ̀ «ojúlówó» tó nípọn fún yín. Ẹ ṣọ́ra fọ́rọ̀ yẹn. Ojúlówó lẹ́nu àwọn tó ń ta á ni pé ó wúwo, bàbà àti idẹ ni. Lóòótọ́ bàbà ń gbé ooru ju alumínímù lọ dáadáa, àmọ́ wọ́n lè ṣe páìpù alumínímù kó fẹ̀, láìní òjé láàárín, ìdí nìyẹn tó fi lè bá ti bàbà dọ́gba tàbí kó jù ú lọ, kó sì fúyẹ́. Èyí tó ní orí oníke ni kí ẹ sá fún, tó bá pẹ́ á sán. Tó bá sì nípọn jù, atẹ́gùn ò ní ráàyè gbà á kọjá nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ́ lẹ́yìn tírélà símẹ́ńtì lọ́nà Ọbájánà. Àwọn tó ṣe E-Type gan-an mọ̀, ti 1961 ò ní ju fáànù kan lọ, nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe ní 1968 wọ́n la ẹnu iwájú ẹ̀ sí i, wọ́n sì fi fáànù méjì sí i.

Ó ku àwọn páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín páìpù. Mo ń pè wọ́n ní ìpẹ́, Àǹtí ní ìyẹ́ ló yẹ. Ẹ̀yin ará Yàgbà àti Bùnú, èwo lẹ fara mọ́?