Ẹ gbà mí o: mo ṣí òrùlé fún òòrùn, iyùn inú àpótí ẹja mi ń funfun

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹni tó bá jí kó dá mi lóhùn. Ẹ rántí àpótí ẹja oníyọ̀ tí mo ní ní Paris, tí ẹ bá mi sáré ìwé CITES, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó iyùn òkun kọjá ibodè, fún iyùn ààyè mẹ́sàn-án nígbà tí mò ń kó bọ̀? Oṣù karùn-ún rẹ̀ rèé ní yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Abẹ́ iná LED ló wà, iyọ̀ tí mò ń rà ni mo fi ń po omi rẹ̀, ó sì ń dàgbà. Owó kuràn ló lé mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo ní kí káfíńtà yọ páànù méjì lókè orí àpótí náà, kó fi èyí tó mọ́ gaara dípò. Mo pa iná. Mo ní òòrùn Ọlọ́run, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò rí ẹwà! Ní aago kan ọ̀sán, ìtànṣán ń jó lórí yanrìn bí àwọ̀n tí apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sómi. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Òní Ajé, iyùn oníwo àgbọ̀nrín tó ga jù lọ ti funfun bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ewédú. Tẹmọ́mítà inú omi ń ka dígírì 31. Ṣé kí n yọ ọ́ kó tó kó ba àwọn ìyókù, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ṣé òòrùn nìkan lè tó, àbí kí n dá páànù padà? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá Ìbejì, Montréal
31 kẹ̀! Ẹ lọ da aṣọ bo òrùlé yẹn kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ìró, búláńkẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun.

Ṣé ẹ ti lọ? Ó dáa. Ọdún kejì tí mo dé ibí, mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Nígbà òtútù, ojúmọ́ wa ò tó wákàtí mẹ́sàn-án, gbogbo nǹkan dára, mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n. Oṣù Kẹfà dé, ojúmọ́ lé ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omi ti di 32, àwọn ẹja aláwọ̀ ọsàn mi méjèèjì ń la ẹnu lójú omi, torí omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró. Ọ̀kan kú lójú mi. Iyùn tí owó oṣù kan gbáko wà lórí rẹ̀, inú láílọ́ọ̀nù ni mo kó o sí, mo gbé e jù sí ìta. Ooru ni ọ̀tá yín.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ooru kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni. PAR (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn ń lò) 150 sí 200 ni LED rẹ̀ á máa fún wọn. Òòrùn ọ̀sán gangan nílẹ̀ wa ń lọ sí 2000. Ká tiẹ̀ ní páànù yẹn gba ìdajì, ó kéré tán, ìlọ́po márùn-ún ló gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iyùn wo ló máa fara da ìyẹn?

Ohun tójú mi ti rí ni mò ń sọ. Mo pààrọ̀ iná mi lóru ọjọ́ kan, mo gbé èyí tó lágbára sí i, mi ò dín in kù. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mẹ́rin nínú iyùn mi ti funfun bí eegun. Ọgọ́rùn-ún mẹ́fà Euro. Omi mi ò kúrò lórí 25 látìbẹ̀rẹ̀ dópin. 25! Kí ni ooru wá wá síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Montréal
Àbúrò, ìwọ lo wà ní 25, òun wà ní 31. Ẹjọ́ tìrẹ kọ́ là ń dá.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Ẹjọ́ kan náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́, La Réunion
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Níbi tí mò ń gbé yìí, tí òkun bá fà, mo máa ń rí iyùn tí omi orí wọn ò tó orókún mi. Òòrùn ọ̀sán ń bọ́ lé wọn lórí tààrà, wọn ò funfun. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà, omi ò sì dúró lójú kan. Àmọ́ tí omi bá gbóná jù ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, àwọn yẹn kan náà á ṣe bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní búlíìṣì. Ooru máa ń sọ iyùn di aláìlágbára, ìmọ́lẹ̀ tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ náà á wá di ìyà fún un.

Ẹ̀gbọ́n Alájàṣẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ibi tí òjìji wà. Tó bá jẹ́ òkè nìkan ló funfun, ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú. Tó bá funfun yíká, ooru ni.

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Mo ti ta ìró méjì bo páànù. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ní àwọ̀, ó rí bí èèpo ẹ̀wà pupa. Òkè nìkan ló funfun, bí ẹni fi ọ̀bẹ fá a. Omi ti di 30.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Ẹ ṣé o. Èmi ọmọ Kétu ti sọ tèmi.

Ìyá Ìbejì, Montréal
31 náà ṣì wà níbẹ̀ o. N ò gbà.

Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́, La Réunion
Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló tún ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni òòrùn máa ń dúró gangan lókè orí Àjàṣẹ́, tí òjìji èèyàn á wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún máa ń padà síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ká ní oṣù Kejìlá lẹ ṣí òrùlé ni, ẹ̀gbẹ́ gúúsù ni ìtànṣán ì bá gbà wọlé, ọyẹ́ ì bá sì bá yín fi eruku sẹ́ ẹ.

Àgbà Ọ̀jẹ̀, Houston
Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Alájàṣẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tí o ń dán wò kò ṣeé ṣe. Lee Chin Eng, ọ̀gá nínú sísin ẹja òkun, kọ ọ́ jáde ní 1961 láti Jakarta ní Indonesia: òòrùn, òkúta òkun tó ṣì ní ẹ̀mí lára, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú omi. Kò ní LED kankan. Jakarta fi dígírì mẹ́fà jìn sí àárín ayé ní gúúsù, Àjàṣẹ́ fi mẹ́fà àtààbọ̀ jìn sí i ní àríwá. Láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá, ojúmọ́ yín kì í fi wákàtí kan yàtọ̀. Ní Paris tí o ti kúrò ńkọ́? Ní àárín oṣù Kejìlá, òòrùn ọ̀sán gangan kì í ga ju dígírì 18 lọ. Ohun tí gbogbo wa ń fi owó rà níbí ló wà lórí páànù rẹ.

Ìkánjú lo fi ṣe é, ìyẹn nìkan ni. Gbé gbogbo iyùn sísàlẹ̀, sórí yanrìn. Lọ ra nẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ìbòòji fún tòmátì, nà á ní ìṣẹ́po méjì sábẹ́ páànù. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká ìṣẹ́po kan kúrò, kí o wo ojú wọn. Òòrùn àárọ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n lára. Gbé fáànù kọjú sí ojú omi, àmọ́ má gbójú lé e jù lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ ti rin. Ìgbà ọyẹ́ ni fáànù máa ń tu omi lára dáadáa. Omi tó bá gbẹ, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí o fi dí i. Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Odidi oṣù kan ni mo fi omi oníyọ̀ ń dí tèmi, ọdún 2009 nìyẹn. Àwọn ìgbín ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, mo rò pé wọ́n ń sùn.

Má ta LED rẹ o. Funfun ni òòrùn, iyùn tó dà bí àrán aláwọ̀ búlúù lábẹ́ iná yẹn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú rẹ lọ́sàn-án. Tan búlúù díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí o lè jókòó tì í.

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé gbogbo wọn sísàlẹ̀. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀sà, Marseille
Kí ló dé tí ẹ ń ra iyọ̀, ẹ̀gbọ́n? Ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé.

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Àbúrò mi, omi ọ̀sà kò níyọ̀ tó, tójò bá wá dé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Etíkun Sèmè ni èèyàn á lọ. Mo ń rà á ni.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́! Omi yí yín ká, ẹ sì ń ra iyọ̀ omi. Ní Kétu, ọrùn Alákétu ni iyùn wà, a ò bọ́ ọ, a ò tan iná fún un, kò sì funfun rí.

Ọmọ Ọ̀sà, Marseille
Ẹ kọ́kọ́ fa omi kànga yín kún ìkòkò ná, ká tó sọ̀rọ̀ iyùn.

Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́, La Réunion
Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ni kí ẹ gbé àpótí náà wá, sórí òkè, níbi tí òòrùn ti ń kọ́kọ́ kí èèyàn kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ọ̀sà.

Àgbà Ọ̀jẹ̀, Houston
Lórí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́? Yóò sè é jinná.

Ìyá Ìbejì, Montréal
Ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín, yìnyín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi o, ní oṣù Kẹrin. Àwọn ìbejì mi ò mọ òòrùn tó ń gún èèyàn látẹ́lẹ̀ dé àtàrí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń sá aṣọ sórí páànù tó wó lẹ́yìn ilé, tí a bá fẹ́ ká a, ó ń jóni lọ́wọ́. Òórùn aṣọ yẹn ni mo ń wá láti ọdún mọ́kànlá. Alájàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ká ìró yẹn kúrò, ẹ bá mi ya fọ́tò òòrùn náà níbi tó ti bọ́ sára ògiri. Mi ò sọ pé kí ẹ ya iyùn.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Kí ẹ tún ya àkàsà àti ẹja díndín tí ẹ máa jẹ lálẹ́.

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Mo fẹ́ gun zém (ọ̀kadà) lọ sí ọjà Ouando kí àwọn tó ń ta nẹ́ẹ̀tì tó palẹ̀ mọ́. Màá ya gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò tíì sọ fún mi o, èyí tó funfun yìí, kí n yọ ọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Montréal
Èmi yọ tèmi.

Ọmọ Àkábà, Lyon
Èmi fi ọ̀kan sílẹ̀, ó padà ní àwọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Àwọn mẹ́ta tó kù ò padà.

Alájàṣẹ́ (ti padà sílé)
Zém ti dé. Ìyá Ìbejì, fọ́tò yín rèé. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ògiri yàrá bàbá mi.

Ìyá Ìbejì, Montréal
Áà. Ó pọ́n bí epo.